Ojú Àwọn Ará Ìdí-Àpáta

Òmù-Àrán, 1978

8 Épírì, Àbámẹ́ta

Àwọn ará Àjàṣẹ́ ti wá, ìdílé Ọlábọ̀wálé tó fẹ́ fẹ́ Caroline ọmọ mi, wọ́n sì ti lọ. Wọn kò jẹun. Mo gún iyán, mo pa adìyẹ tí mo ti ń sìn láti Kérésì, ìkòkò ọbẹ̀ náà ṣì wà lórí ààrò bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá Ọlábọ̀wálé ní inú ń run òun. Àbúrò wọn obìnrin ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo ló kù lẹ́yìn Àjíǹde? Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu.

Wọ́n ní àwọn ti wádìí ilé Ọlágúnjú, ilé ọkọ mi, yí ká. Àwọn kò rí olè, àwọn kò rí wèrè, àwọn kò rí ẹni tó ń lu ìyàwó. Ṣùgbọ́n afọ́jú pọ̀ níbẹ̀. Bàbá ọkọ mi fọ́jú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Awóyẹmí, fọ́jú kó tó kú. Ọkọ mi fúnra wọn nìyí lórí àga, ó di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti rí ojú mi gbẹ̀yìn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa," ni bàbá náà wí. "A fẹ́ràn Caroline. Àbúrò mi tó ń kọ́ wọn ní bàòlọ́jì ní Ìlọrin ló ní ká ṣọ́ra. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

Ọkọ mi, Bàbá Lawrence, kọjú sí ibi tí ohùn náà ti ń wá. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lójú wa."

Caroline wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

9 Épírì, Àìkú

N kò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lawrence jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Caroline lọ́wọ́ òsì, èmi sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú yẹ ojú wọn wò bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, èkejì mẹ́rìnlélógún. Àwọn méjì péré tí mo ní. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Lawrence.

"Nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sórí pátákó yẹn?"

"Màmá, gíláàsì yín wà lójú yín."

"Ṣáà kà á fún mi."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méje. Ṣé kí n wá bá yín kọ ọ́ ni?"

307 ni lóòótọ́. Mo mí kanlẹ̀. Nígbà tí a jókòó, ó mú ìwé orin, ó ń fi igun rẹ̀ họ ẹ̀yìn.

13 Épírì, Ọjọ́bọ̀

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Ó ká páànù méjì lórí ilé ìdáná. Lawrence ti wà ní oko Ìdí-Àpáta, oko bàbá rẹ̀, láti àná, ó lọ kọ ebè. Òjò náà yóò dùn mọ́ ọn nínú bí ọmọdé. Gààrì tún ti wọ́n sí i, kóńgò kan ni mo rà dípò méjì. Caroline ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àràndún. Láti Àbámẹ́ta, kò tíì bá mi sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Kó tó wọ mọ́tò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè pé, "Màmá, ṣé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora?"

22 Épírì, Àbámẹ́ta

Ọlábọ̀wálé wá fúnra rẹ̀, òun nìkan. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀ láti wọlé. Ó fún mi ní lẹ́tà kan tí ó ti ká sí wẹ́wẹ́.

"Lẹ́tà tí Búọ̀dá Ignatius, àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìlọrin, kọ sí wọn nìyí. Mo jí i mú wá ni, Màmá. Ẹ̀yin náà kàwé, ẹ bá mi wò ó."

"Kí ni kí n wò níbẹ̀?"

"Bóyá irọ́ wà nínú rẹ̀."

Ó ti rù. Ó ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bàbá òun ti sọ pé bí òun bá fẹ́ Caroline, ẹnì kankan kò ní bá òun dé ibi ìdána.

Lẹ́tà náà dára. Òyìnbó inú rẹ̀ ń dán. Ó ya àpótí mẹ́rin mẹ́rin, ó fi ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bàbá àgbà fọ́jú, ọmọ rẹ̀ méjì fọ́jú. Ohun tó bá ń ti ara bàbá bọ́ sára ọmọ báyìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Nítorí náà, bí Caroline bá bímọ mẹ́rin, méjì yóò fọ́jú. Ó fa ìlà sábẹ́ méjì.

Mo wá irọ́ inú rẹ̀ títí ọwọ́ ọ̀sán, n kò rí i. Ẹni tó lọ yunifásítì ló kọ ọ́, ìwé mẹ́wàá péré ni èmi kà. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó sórí ìjókòó inú ilé ìdáná, mo ń rí àwọn ọmọ ọmọ mi tí wọn kò tíì bí, méjì lára wọn ń táràrà.

25 Épírì, Ìṣẹ́gun

Mo ń pe orúkọ ní kíláàsì láàárọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́ta láti ilé kan náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ilà ojú wọn bára mu, ó bá ti bàbá wọn mu, ó bá ti bàbá bàbá wọn mu. Mo dákẹ́ sórí orúkọ ọmọ kan títí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Ilà ojú ilé Ọlágúnjú wà lójú bàbá ọkọ mi. Ó wà lójú ọkọ mi. Ó wà lójú Lawrence. A kò bí ìkankan nínú wọn mọ́ ọn. Ọ̀bẹ ló gbé e débẹ̀.

Ó yẹ kí n ti rí i. Nǹkan lè ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀jẹ̀ má mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Lẹ́tà náà fo ibẹ̀ kọjá.

Ayọ̀ náà kò ju wákàtí kan lọ. Pé ọ̀nà tí Ọ̀gbẹ́ni Ignatius gbà dé ibẹ̀ ti já kò sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ó ṣì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀. N kò mọ nǹkan kan síbẹ̀.

30 Épírì, Àìkú

Mo jókòó lẹ́yìn ìsìn, mo kọ orúkọ gbogbo ará ilé ọkọ mi sẹ́yìn ìwé yìí.

Àwọn ará Àjàṣẹ́ ṣe ìwádìí bí gbogbo wa ti ń ṣe é. Bí èmi náà ì bá ti ṣe é nìyẹn bó bá jẹ́ pé Lawrence ló ń fẹ́ ọmọ wọn. Ọmọ ilé ni a ń kà. Ìyàwó tí a fẹ́ wọlé, ilé bàbá rẹ̀ ni a ń kà á mọ́, bó tilẹ̀ lo àádọ́ta ọdún lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin wa tó bá ti lọ ilé ọkọ, a ti yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà wọ́n ka ọkùnrin mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́jú, wọ́n sì dìde.

Wọn kò ka Ìyá Rúùtù, ìyá ọkọ mi, tó fọ́jú, tó fi ọ̀pá wá ọ̀nà fún ọdún méjìlá kó tó kú. Àwọn ará Ẹ̀síẹ́ ló ni ín. Wọn kò ka Ṣàkírátù, ìyàwó Awóyẹmí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ló wà, ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Ẹkún ọkọ ni wọ́n ní ó fọ́ ọ. Wọn kò ka àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí ilé yìí bí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka àbúrò ọkọ mi ọkùnrin tó ń ránṣọ ní Ọ̀fà, nítorí kò sí nílé. Bàbá kan náà, ìyá kan náà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, kò lo gíláàsì, ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ bí ẹni ń ṣeré. Kò ro oko bàbá wọn rí láyé rẹ̀.

6 Méè, Àbámẹ́ta

Mo lọ sí Ẹ̀síẹ́, sí ilé bàbá Ìyá Rúùtù. Bí mo bá bá afọ́jú kan ṣoṣo níbẹ̀, wọn yóò ní ìyá ni ó gbé e wá.

Àbúrò wọn ọkùnrin ni mo bá, yóò tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ kan.

"Ojú? Ìyàwó Dáníẹ́lì ọmọ wa, wá wo ẹ̀gún yìí, ṣé ìwọ rí i?"

N kò rí i.

"Èmi rí i." Ó fà á yọ. "Kò sí afọ́jú nílé yìí, kò sì sí rí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi mọ́ kedere nígbà tí a fà wọ́n lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ fọ́ ojú ọmọ wa, ẹ tún wá ń bi wá léèrè!"

Àwọn obìnrin ilé náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rántí pé obìnrin tí a fẹ́ wọlé ni èmi náà.

9 Méè, Ìṣẹ́gun

Ọmọbìnrin máa ń gba ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀. Kì í gba oko bàbá rẹ̀.

Mo kọ ọ́ báyìí, mo sì ń wò ó. Nílẹ̀ wa, ọmọkùnrin ń jogún méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá wo ọkùnrin nìkan kò ní mọ èyí tó ń ṣe wọ́n. Àwọn obìnrin ni yóò yà á sọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ilé ní ẹ̀jẹ̀, kò ní oko. Ìyàwó ilé ní oko, kò ní ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó méjì ti fọ́jú. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ń ríran, mo mọ̀ wọ́n dájú.

Ìkarùn-ún ni Jàrátù, tó lọ ilé ọkọ ní Àjàṣẹ́. Obìnrin elépo kan sọ fún mi lánàá pé wọ́n ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kiri báyìí.

14 Méè, Àìkú

Lawrence dé láti oko. Ó bọ́ ẹ̀wù láti wẹ̀. Kókó kan wà ní ìbàdí rẹ̀, ó tó ẹyin ẹyẹlé, bí mo bá fọwọ́ kàn án ó ń yí lábẹ́ awọ. Ojúgun rẹ̀ ti ń funfun tótòtó.

"Láti ìgbà wo?"

"Kò dùn mí, Màmá. Gbogbo ará oko ló ní in."

Bàbá rẹ̀ ní in. Awóyẹmí ní in. Mo mọ̀ nítorí èmi ni mo fi òróró pa á fún wọn.

20 Méè, Àbámẹ́ta

Àjàṣẹ́. Òótọ́ ni. Ojú ọ̀tún Jàrátù ti lọ, èyí tó kù kò rí ju òjìji lọ. Mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ọmọ ilé ni, kò jogún oko, ojú rẹ̀ sì fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n mo ti wá láti béèrè, mo bá béèrè. "Jàrátù, níbo lo gbé láyé rẹ kó o tó wá síbí?"

"O ti gbàgbé? Nígbà tí ọkọ mi àkọ́kọ́ kú, mo padà sílé. Ta ni yóò gbà mí sínú ilé? Abà ni bàbá wa ní kí n máa gbé, ní Ìdí-Àpáta, kí n máa se irú fún wọn. Ọdún mẹ́sàn-án, Rhoda. Ibi tí omi ti ń ya lórí àpáta yẹn ni mo ti ń fọ irú. Àwọn kòkòrò dúdú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán."

Ọdún mẹ́sàn-án. N kò gbàgbé o, n kò mọ̀ ni. Ó ti kúrò níbẹ̀ kí n tó wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi: ṣé kì í ṣe pé mo ń wá ohun tí mo fẹ́ rí? Bí mo bá lọ sọ́dọ̀ gbogbo afọ́jú Kwárà, ǹjẹ́ n kò ní rí àwáwí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. N kò dárúkọ oko fún un rárá.

Bí mo ṣe ń dìde, ó di etí aṣọ mi mú.

"Lawrence ńkọ́? Wọ́n ní ó ti fi Kàdúná sílẹ̀. Níbo ló ń dáko sí?"

21 Méè, Àìkú

Mo ti gba Caroline sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ Lawrence mọ́ ti àwọn ará Ìdí-Àpáta.

27 Méè, Àbámẹ́ta

Mo sọ ọ́ fún Lawrence lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ka orúkọ wọn fún un, àwọn tó gbé oko àti àwọn tí kò gbé e, mo sì sọ ti kòkòrò dúdú tó jẹ Jàrátù. Mo fi kún un pé n kò mọ ibi tí alágbàṣe Nupe tó bá wọn ṣiṣẹ́ níjọ́ kìíní wà, bóyá ó ń ríran, bóyá kò ríran. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé n kò fi nǹkan pamọ́.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ni n ó sá fún? Bí mo bá padà sí Kàdúná, ojú kan náà ni n ó gbé lọ. Mo lè máa ro oko mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì ebè níbẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ nítorí kòkòrò dúdú?"

"Lawrence!"

"Ẹ jẹ́ kí iṣu yìí ta ná."

Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó padà sí abà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

28 Méè, Àìkú

Mo rò pé Bàbá Lawrence ti sùn lórí àga ní ọ̀sán yìí. Wọn kò sùn.

"Rhoda."

Wọn kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti bímọ.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún un lánàá. Ilẹ̀ bàbá mi lò ń sọ yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

"Mo mọ̀."

"Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ta ló ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí i ní Kàdúná, pé ojú òun ti lọ, kó wá gba oko?"

Èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà náà. Lẹ́tà mi rẹwà.

"Nítorí náà, bá mi fi í sí ẹ̀jẹ̀," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Bó bá jẹ́ oko, èmi ni."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo jókòó tì wọ́n.

10 Júùnù, Àbámẹ́ta

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò kọ nǹkan. Lawrence kò wálé. Èmi náà kò lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ignatius fúnra rẹ̀ dé lónìí, Ọlábọ̀wálé fi alùpùpù gbé e wá. Ọlábọ̀wálé ló fi ọ̀rọ̀ mi dà á láàmú títí ó fi wá. Mo ti rò pé agbéraga ni, ṣùgbọ́n ó wólẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Lawrence kó tó jókòó, ó sì jẹun. Ó ka orúkọ tí mo kọ, ó fi bírò tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó dára, Ìyá. Ṣùgbọ́n irú àrùn bẹ́ẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń mú jù. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé ọkùnrin ni Ṣàkírátù?"

Ṣàkírátù wà nínú ilé ìdáná, ó pariwo pé, "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò o, bóyá mo ti yí padà!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbànújẹ́ ọkọ, Ìyá, ó lè..."

"Ìbànújẹ́ náà wà nínú bàòlọ́jì?"

"Kò sí níbẹ̀." Ó tún wo ìwé. "Aránṣọ Ọ̀fà yìí, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yìí, wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì ni mo sọ pé yóò mú. N kò sọ pé gbogbo wọn."

"Mo gbọ́. Àwọn tó bọ́ yìí, ṣé wọ́n kàn ṣèèṣì jẹ́ àwọn tí kò gbé oko náà ni? Gbogbo wọn pátá?"

Ó tún ka orúkọ wọn láti òkè.

"Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, kí lo máa rí tí wàá fi sọ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀? Bí ojú fọ́, o ní ẹ̀jẹ̀ ni. Bí kò fọ́, o ní ó bọ́ ni. Kí ló kù tí mo lè mú wá fún ọ?"

Ó dé bírò rẹ̀. Ó ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ láti Ìlọrin sí ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí gbogbo wa lọ, òun náà yóò wá. "Bí mo bá rí ohun tó ju ìwé mi lọ níbẹ̀, n ó fẹnu ara mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

15 Júùnù, Ọjọ́bọ̀

Mo gba àyè níléèwé. Caroline wá láti Àràndún, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lawrence kò wá.

Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Fulera, ará Ṣàárẹ́, ni ó ń bu awọ. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé awọ ìbàdí sókè, ó fi abẹ ré bíńtín bí eérú, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀kán omi kan lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ṣàkírátù ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. "Wá wò ó, Ìyá Tíṣà," ni nọ́ọ̀sì wí. Mo fojú sí i. Wọ́n ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n rí bí òwú tín-ín-rín, wọ́n ń ká, wọ́n ń nà, wọ́n ń bá ara wọn jà nínú omi náà. Láti inú awọ obìnrin yìí tó ń bá mi bó ẹ̀gúsí lánàá.

"Inú ara ni wọ́n ń rìn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí wọ́n bá dé ojú tí wọ́n kú síbẹ̀, ojú yóò máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò dúdú tó ń gbé ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta ló ń fi wọ́n síni lára. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdún gbọọrọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ignatius wò ó pẹ́ ju èmi lọ. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Obìnrin yìí kì í sì í ṣe ọmọ ilé," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Caroline: kò sí ìkankan. Nọ́ọ̀sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo bẹ̀ ẹ́. Kò sí.

Èmi: mẹ́rin.

Gbogbo ìsinmi iléèwé fún ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn fọ irú níbẹ̀. Dókítà wo ojú mi, ó ní kò tíì sí nǹkan. Ó ní "kò tíì sí."

18 Júùnù, Àìkú

Ọlábọ̀wálé wá. Bàbá rẹ̀ ní àwọn yóò padà wá lẹ́yìn iṣu titun, àwọn yóò sì jẹun. Caroline rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Épírì. Ó yẹ kí n jó. Ojú ọ̀nà oko ni mo ń wò. Òjò ti rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, omi Ìdí-Àpáta yóò ti máa sáré.

24 Júùnù, Àbámẹ́ta

Lawrence wálé, epo àtùpà rẹ̀ ló tán. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo sọ mẹ́rin tèmi fún un. Ó wolẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ pé títí ìkórè, oṣù mẹ́ta péré, kí ni oṣù mẹ́ta.

Bàbá rẹ̀ ní, "Wá síbí."

Ó lọ. Wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù, kó yí ẹ̀yìn sí àwọn. Wọ́n fi ìka wá gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọwọ́ wọn fi dé ìbàdí. Wọ́n dúró síbẹ̀.

"Ọ̀kan nìyí." Wọ́n wá apá kejì. "Méjì nìyí. O kò sọ ti èyí fún ìyá rẹ."

Lawrence na ọwọ́ mú ẹ̀wù rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

"Ibí yìí gan-an ni tèmi wà. Ọdún kẹfà lẹ́yìn rẹ̀ ni àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í ní òrùka yíká lójú mi. Mo rò pé gíláàsì rẹ̀ ló dọ̀tí. Ojoojúmọ́ ni mo ń nù ún." Ọwọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ kọ́, Lawrence. Oko ni. Èmi ni mo fún ọ. Mo ń gbà á padà."

"Bàbá, ebè ẹgbẹ̀rún méjì. Ta ni yóò ro ó?"

"Kí igbó gbà á."

Mo jáde síta. N kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ mi.

26 Júùnù, Ajé

Èmi àti Lawrence lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì Fulera. Nígbà tó ka ọgọ́ta kòkòrò nínú awọ Lawrence tán, ó ní òun kò ní ka ìyókù. Dókítà fi iná wo ojú rẹ̀. Ojú ọ̀tún mọ́. Ti òsì ní àmì kékeré kan bí yìnyín ní ẹ̀gbẹ́. Mo béèrè bóyá yóò kúrò. Ó ní kò ní kúrò, pé ohun tí a ń gbàdúrà fún ni kó má pọ̀ sí i, òun kò sì lè ṣèlérí.

3 Júláì, Ajé

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa nípa oògùn tí wọ́n fún Lawrence, wọn kò kìlọ̀ tó. Ó gbé hóró àkọ́kọ́ mì láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ara rẹ̀ ti wú, ó ń họ ara títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í lórí ẹní, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kó má baà ya ara rẹ̀.

5 Júláì, Ọjọ́rú

Ó rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti Ajé. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan wọn yóò ní kó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún.

"Kí lo rí?"

"Igi ọsàn. Aṣọ lórí okùn, mẹ́ta. Aǹtí Ṣàkírátù ń ro ọkà."

"Ọkà náà ńkọ́, ṣé ó ní kókó?"

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́!"

"Kí ló tún kù?"

"Adìyẹ kan. Màmá. Ẹ̀yin."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé yìí, mo ń kọ ohun gbogbo tó bá dárúkọ, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ọjọ́ tí kò bá rí ọ̀kan níbẹ̀ mọ́.